Èrè wo ni ó wà nínú Ère Ẹ̀sìẹ́?

  

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹni tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí àlàáfíà ilé rẹ̀. Ìyá yìí wí pé ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ òun ń lọ fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ẹ̀sìẹ́ láti wo àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì ní kí òbí kọ̀ọ̀kan mú owó ọkọ̀ wá. Bàbá ọmọ náà kọ̀. Ó ní ìdí méjì ni òun fi kọ̀: èkínní, pé ère ni ère ń jẹ́, ọmọ onígbàgbọ́ kò sì ní ohun tí ó ń wá lọ sí ibẹ̀, èkejì, pé bí kì í bá tilẹ̀ ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òfò ni, nítorí a kì í wo òkúta kí a yó. Ọmọ náà sunkún títí ó fi sùn. Ìyá rẹ̀ wá bi wá pé, "Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, èwo ni òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Èrè wo ni ó wà nínú ère Ẹ̀sìẹ́, fún ọmọ mi tàbí fún ìlú wa?"

Àwa kò fẹ́ bá baálé ilé jà ní ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n a rí i pé ìbéèrè ìyá yìí tóbi ju owó ọkọ̀ ọmọ kan lọ. Ó kan ohun tí a ń pè ní ìrìn-àjò afẹ́, èyíinì ni pé kí ènìyàn fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ wo ohun tí ó wà ní ìlú ẹlòmíràn, kí ó sì ná owó rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí. Nítorí náà ni a ṣe fi ojú ìwé ti ọ̀sẹ̀ yìí dáhùn rẹ̀.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍ Ẹ̀SÌẸ́

Fún àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n jìnnà sí ibẹ̀, Ẹ̀sìẹ́ jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò jìnnà sí Ọ̀mù-Àrán, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìpínlẹ̀ Kwárà. Ní ẹ̀yìn ìlú náà, nínú igbó, ni àwọn baba ńlá ìlú ti bá àwọn ère òkúta tí iye wọn ju 800 lọ. Irú òkúta tí a fi gbẹ́ wọn rọ̀, ara rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ara ọṣẹ. Èyí tí ó kéré jù kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga. Èyí tí ó ga jù lé ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ọkùnrin ń bẹ nínú wọn, obìnrin sì ń bẹ. Àwọn kan jókòó lórí àpótí, àwọn kan kúnlẹ̀, àwọn mìíràn gbé àdá lé èjìká, àwọn mìíràn sì mú ohun èlò orin lọ́wọ́. Wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn, wọ́n di irun oríṣiríṣi, ọ̀pọ̀ sì ní ilà lójú. Bí ènìyàn bá dúró láàrin wọn, yóò dà bí ẹni pé ó wọ ààfin kan ní ọjọ́ àjọ̀dún, tí gbogbo ènìyàn sì dákẹ́ lójijì.

Àwọn onímọ̀ kò tíì fi ẹnu kò lórí ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní àlejò ni àwọn ère wọ̀nyí. Pé wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, pé ní ibẹ̀ ni wọ́n sì ti di òkúta pẹ̀lú aya, ọmọ, onílù àti ẹ̀ṣọ́ wọn. Ẹnu kò kò lórí ohun tí ó fà á. A ó tún padà sí ìtàn yìí kí a tó parí ọ̀rọ̀ wa.

Ní 1933 ni ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, tí í ṣe alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ fún ìjọ C.M.S., mú ìròyìn àwọn ère náà dé etí àwọn ará òde. Ní 1945 ni a dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ó ṣáájú ti Jọ́ọ̀sì, tí a ṣí ní 1952. Ó sì ṣáájú ti Èkó, tí ó dé ní 1957. Kí ọmọ Ìgbómìnà kí ó mọ èyí: kì í ṣe Èkó ni ó kọ́kọ́ ní i, kì í ṣe Ìbàdàn, Ẹ̀sìẹ́ ni.

ÌDÁHÙN KÌÍNÍ: WÍWÒ KÌ Í ṢE BÍBỌ

Bàbá ọmọ náà bẹ̀rù ère, a kò sì dá a lẹ́bi pé ó ń ṣọ́ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó mú ìròyìn ère wọ̀nyí jáde fún ayé. Kò rí i bí ohun ìtìjú. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú rìn káàkiri ìlú Átẹ́nì, ó wo ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń sìn fínnífínní, láti inú ohun tí ó rí ni ó sì ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó tẹ̀lé olùkọ́ rẹ̀ wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ó wo bí àwọn ará àtijọ́ ti ń di irun àti bí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta, kò bọ ohunkóhun. Ó kọ́ ìtàn ni. Bí ẹlòmíràn bá ń ṣe ọdún àwọn ère náà, ti onítọ̀hún ni. Ọmọ wa kò ní ìpín nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ó fi ẹnìkan ṣẹ̀sín. Ìdáhùn wa kìíní nìyẹn. Èkejì ni a fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

ÌDÁHÙN KEJÌ: ỌKỌ̀ MÉJÌ TÍ Ó WÁ SÍ Ẹ̀SÌẸ́

Bàbá náà ní a kì í wo òkúta kí a yó. Òótọ́ ni ó sọ, ó sì sàn kí a gbà á bẹ́ẹ̀. Òkúta kì í mú owó wá fún ìlú. Ohun tí ó ń mú owó wá ni ohun tí ìlú bá ṣe fún ẹni tí ó wá wo òkúta.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Ká ní ọkọ̀ méjì gbéra ní Ìlọrin ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kó ogún ènìyàn wá sí Ẹ̀sìẹ́. Àwọn ará ọkọ̀ kìíní gbé ìrẹsì wọn wá nínú kúlà, wọ́n ra omi wọn ní Ìlọrin, wọ́n wo ère fún wákàtí kan, wọ́n ya àwòrán, wọ́n sì yí padà. Kí ni ó kù fún ìlú? Owó ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n san, èyí tí kò lè bọ́ ìlú, àti eruku tí ọkọ̀ wọn gbé sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá omi tí wọ́n jù sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Àwọn ará ọkọ̀ kejì rí ìyá kan tí ó gún iyán sí ibi tí ó mọ́ tónítóní, wọ́n jókòó, wọ́n jẹun. Wọ́n rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ ìtàn ìlú, tí ó sì lè sọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n san owó fún un. Wọ́n ra ẹní, wọ́n ra ìkòkò, wọ́n ra wàrà àti kajú sísun. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n sùn sí Ọ̀mù-Àrán nítorí pé wọ́n rí ibùsùn tí kò ní ìdun. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn gbọ́ nípa omi Òwu, tí ń já láti orí àpáta gíga ní ilẹ̀ Ìgbómìnà yìí kan náà, wọ́n sì lọ wò ó.

Nísinsìnyí, ẹ tẹ̀lé owó ọkọ̀ kejì. Ìyá oníyán ra iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ra ata àti epo ní ọjà Ọ̀mù, ó san owó fún ọmọbìnrin tí ń bá a fọ abọ́. Àgbẹ̀ fi owó iṣu san owó ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ fi owó oṣù rẹ̀ rán aṣọ. Télọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Owó kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sí ọwọ́ ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà, púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì fi ojú kan ère rí. Báyìí ni ìrìn-àjò afẹ́ ti ń di ọrọ̀ ìlú, tí ọrọ̀ ìlú sì ń di ọrọ̀ orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe iye àlejò tí ó wá ni a ó kọ́kọ́ kà bí kò ṣe iye ọwọ́ tí owó wọn kọjá kí ó tó jáde ní ìlú.

OHUN TÍ OJÚ GÁMBÍÀ RÍ

Bí ẹnìkan bá rò pé àlá ni a ń lá, kí ó wo Gámbíà, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó fi etí òkun àti oòrùn rẹ̀ pe àlejò. Ní ìgbà ẹ̀rùn 1965 sí 1966 ni nǹkan bí 300 àlejò kọ́kọ́ bá ọkọ̀ òfurufú wá láti Swídìn. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ náà ti gbòòrò títí ó fi di pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè ní ọdún kan ń ti ọ̀dọ̀ àlejò wá.

Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú rí ohun kan tí ó dùn wọ́n. Ọ̀pọ̀ àlejò ti san owó oúnjẹ, ohun mímu àti ibùsùn papọ̀ kí wọ́n tó kúrò ní ilé wọn ní Yúróòpù. Bí wọ́n bá dé, wọn kì í jáde ní ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ń ta èso ní etí òkun ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn ògiri. Ọkọ̀ kìíní tí a sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, pẹ̀lú kúlà rẹ̀. Ní 1999 ìjọba Gámbíà fi òfin de irú ètò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju nǹkan bí ọdún kan lọ tí wọ́n fi yí òfin náà padà, nítorí pé àlejò ń dín kù.

Ohun tí òfin kò lè ṣe, ìrẹ́pọ̀ ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tí ń ta èso àti àwọn tí ń fún omi ọsàn ní etí òkun kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́. Wọ́n tún ibi ìtajà wọn ṣe, wọ́n fi àmì sí àyà kí àlejò lè mọ̀ wọ́n, wọ́n pín ọjọ́ láàrin ara wọn, wọ́n sì fi òfin de fífa àlejò ní aṣọ. Àlejò tí ń sá fún wọn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ wọ́n wá, owó wọn sì pọ̀ sí i. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin inú ìjọ ní Ẹ̀sìẹ́, ní Ọ̀mù-Àrán àti ní gbogbo agbègbè yín, ṣé ẹ gbọ́ bí? Àjèjẹ́ ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

KÍ A MÁ ṢE JẸ ÈBÙ

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn ún sọ. Àgbẹ̀ tí ó bá kórè iṣu rẹ̀ a máa ya èbù sọ́tọ̀. Bí ebi ti wù kí ó pa á tó, kì í jẹ èbù, nítorí bí ó bá jẹ ẹ́, ọdún tí ń bọ̀ ni ó jẹ. Ní 1987 ni ìgbìmọ̀ kan tí arábìnrin Gro Harlem Brundtland ará Nọ́wè ṣe alága rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo ayé: pé kí àwa tí a wà láàyè wá ohun tí a ó jẹ ní ọ̀nà tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi rí tiwọn jẹ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ya 2017 sọ́tọ̀ láti rán ayé létí pé irú ìrìn-àjò afẹ́ tí kì í jẹ èbù ni ó yẹ kí a máa ṣe.

Èbù Ẹ̀sìẹ́ ni àwọn òkúta wọ̀nyí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé iṣu a máa tún hù. Òkúta tí ènìyàn gbẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ sẹ́yìn kì í hù mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a bá ní fífọ́, tí orí ti kúrò lára ọrùn. Ní 2000, àjọ àgbáyé àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí a ń pè ní ICOM, gbé ìwé ìkìlọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Àkọsílẹ̀ Pupa, nípa àwọn ohun àtijọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn olè ń kó jùlọ. Ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ wà nínú rẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1953 àti ti 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ọ̀mọ̀wé Phillips Stevens ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú ti fi ara balẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ àti àwòrán wọn. A tẹ ìwé rẹ̀ ní 1978. Bí orí ère kan bá yọ ní ọjà ní òkè òkun, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a lè fi dá a mọ̀ pé tiwa ni.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣọ́ ilé. Ẹni tí ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ. Bí ìdílé kan ní Ẹ̀sìẹ́ bá ń jẹun nítorí àwọn ère náà, ta ni yóò tà wọ́n fún un? Yóò lé olè náà ni. Bí ìlú kò bá sì rí nǹkankan jẹ nínú wọn, olè yóò rí ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án. Ìdí nìyí tí àwa fi wí pé èrè ìlú àti ìtọ́jú ère kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Ẹni tí ó bá ń jẹ lára igi ni yóò bomi rin ín.

KÍ A MÁ SÌ FI GBOGBO Ẹ̀YÀ ARA GBÉ E

A kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé kí ó ta oko rẹ̀ nítorí àlejò. Ní 2019 iye ìgbà tí àwọn ènìyàn rìnrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn lé ní 1,400 mílíọ̀nù. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni àrùn kòrónà dé, ju ìdá méje nínú mẹ́wàá lọ sì pòórá. Ní 2014 pẹ̀lú, nígbà tí àrùn Ẹ̀bólà ń jà ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, kò sí ẹnìkan tí ó ní i ní Gámbíà, síbẹ̀ àlejò sá fún Gámbíà. Àlejò dà bí ẹyẹ: ìró ìbọn tí a yìn ní oko ẹlòmíràn tó láti lé e lọ. Nítorí náà kí oníyán máa gún iyán fún ará ìlú pẹ̀lú, kí àgbẹ̀ má sì fi ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

A sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún àwọn tí ń ṣe ìjọba. Ìyá oníyán lè gbá iwájú ilé rẹ̀. Kò lè tún ọ̀nà ọkọ̀ ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin lè kọ́ ìtàn ìlú. Kò lè lé ajínigbé. Ní ọdún àìpẹ́ yìí ẹ̀rù àwọn ajínigbé ti bo ọ̀pọ̀ ọ̀nà ní gúúsù Kwárà, kò sì sí àlejò tí yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ wo òkúta. Bí ọ̀nà kò bá dára, tí kò sì ní ààbò, gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti òkè di asán. Kí àwọn tí a dìbò fún gbọ́ èyí, kí àwọn òǹkàwé wa sì máa rán wọn létí.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE

Èkínní, kí ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wo ohun tí ó wà nítòsí kí wọ́n tó di ẹni tí yóò máa fi owó wo ti òkèèrè. Ọmọ Ìgbómìnà mélòó ni ó ti rí àwòrán ilé gíga Lọ́ńdọ̀nù tí kò tíì rí Ẹ̀sìẹ́?

Èkejì, kí ẹ kọ́ wọn ní ìtàn ìlú láti ẹnu àgbà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó bá lè là á lójú ni yóò gba owó ọ̀yà.

Ẹ̀kẹta, ìmọ́tótó. Abọ́ tí ó mọ́, ilé ìyàgbẹ́ tí ó mọ́, àti omi tí a sè: mẹ́ta wọ̀nyí ń mú àlejò padà wá ju orin àti ìlù lọ.

Ẹ̀kẹrin, ìṣòótọ́. Kí a má ṣe pe ọjà ní iye méjì nítorí pé a rí ojú tuntun. Àlejò tí a bá rẹ́ jẹ lónìí yóò sọ fún ogún ènìyàn lọ́la.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ohun àtijọ́ tí ó bá rí ní oko tàbí ní ẹ̀yìn ilé láti tà á. Kí ó lọ sọ fún ọba àti fún àwọn tí ń tọ́jú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà kan, olóògbé Ignatius Amaduwa Atigbi, ni ó dá a lábàá pé kí gbogbo ayé ya ọjọ́ 27 oṣù September sọ́tọ̀ ní ọdọọdún fún ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́. Láti 1980 ni a sì ti ń ṣe é. Kò yẹ kí àwa tí a kọ́ ayé ní ọjọ́ yìí di ẹni tí kò mọ ìlò rẹ̀.

Ní ìparí, a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá tí ó kọ̀wé sí wa, àti sí ìtàn àwọn àlejò tí ó di òkúta. Ìyá wa, ẹ má ṣe bá bàbá ọmọ jà. Ẹ ka ìwé yìí fún un lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí ara bá tù ú. Ẹ sọ fún un pé àwa gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé òkúta kì í bọ́ ènìyàn. Ẹ wá bi í pé, àwọn àlejò ìgbàanì ti di òkúta, wọn kò bèèrè iyán, wọn kò bèèrè ibùsùn. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ìsinsìnyí tí ó ń wá wò wọ́n ní ẹnu, wọ́n ní ikùn, wọ́n sì ní owó lápò. Ta ni yóò gbà wọ́n ní àlejò, bí kì í bá ṣe àwa? Bí ó bá sì rí i pé òun lè bá ọmọ náà lọ, kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Kí wọ́n má gbé kúlà dání. Kí wọ́n jẹun ní Ẹ̀sìẹ́.

Kí Olúwa dáàbò bo ọ̀nà wa, kí ó sì bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.